Ìbéèrè Yín Nípa Mọ́tò: Irin Àtìlẹ́yìn fún Sítíárìn Ọkọ̀ Àtijọ́ Tó Ń Wọ Igbó

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ní Texas ni mò ń gbé. Mo ra Chevrolet K10 ọdún 1984 lọ́wọ́ bàbá kan ládùúgbò wa, mo gbé e sókè ínṣì mẹ́rin, mo fi táyà ínṣì 35 sí i, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi la jọ máa ń gbé e wọ ẹrẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Ní báyìí tí mo bá yí sítíárìn lójú kan, mo máa ń gbọ́ "kọ́" lábẹ́ ọkọ̀ lápá òsì, tí mo bá sì dé ojú ọ̀nà márosẹ̀ mo ní láti máa tọ́ ọ sọ́tùn-ún sósì kó tó lè lọ tààrà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra irin àtìlẹ́yìn tí wọ́n ń fi bóòtù dè mọ́ ṣáásí, ó ní iṣẹ́ ọ̀sán kan péré ni. Ṣé kí n kàn rà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọkọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó irin kankan, ìró "kọ́" tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Àwọn Chevrolet àti GMC fọ́-wíìlì ayé ìgbà yẹn, ìyẹn pickup 1973 sí 1987 àti Blazer ńlá tí wọ́n ṣe títí di 1991, kò sẹ́ni tó ń tún wọn ṣe tí kò mọ̀ pé ibi tí wọ́n de àpótí sítíárìn mọ́ ni ṣáásí wọn ti máa ń sán, lápá òsì níwájú, yíká ihò bóòtù. Ó lè ti sán kẹ́ ẹ tó rà á pàápàá, torí ẹ ò mọ irú iṣẹ́ tí bàbá yẹn fi ṣe, àbí ẹni tó ni ín ṣáájú bàbá.

Ohun tó ń fà á rèé. Ṣáásí yẹn kì í ṣe irin tí wọ́n dí pa lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀gbẹ́ kan ṣí sílẹ̀ bíi lẹ́tà C, irin tó bá sì ṣí báyẹn kì í pẹ́ lọ́. Tẹ́ ẹ bá yí sítíárìn, apá irin tó rọ̀ sílẹ̀ lára àpótí, òun ni wọ́n ń pè ní pitman arm, á lọ síwájú tàbí sẹ́yìn, á ti ọ̀pá kan tí wọ́n ń pè ní drag link, drag link á ti apá tó wà lórí knuckle táyà òsì, ìyẹn irin tí táyà fi ń yí sọ́tùn-ún sósì, táyà òsì á wá fa tọ̀tún tẹ̀lé e. Gbogbo agbára tó ń yí táyà méjèèjì, orí bóòtù mélòó kan yẹn ló pọ̀ sí, bí àpótí bá sì ṣe ń ti táyà náà ni táyà ń ti àpótí padà. Táyà tó bá ọkọ̀ yìí jáde nílé iṣẹ́ kò tóbi tó 35 rárá. Tẹ́ ẹ bá wá wà nínú ẹrẹ̀, tí táyà há sínú ipa tírélà, tẹ́ ẹ wá ń yí sítíárìn lójú kan tí pọ́ńpù ń fi gbogbo agbára ẹ̀ tì í, táyà ò lọ, ṣáásí ló máa lọ́. Ó ti ń lọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ogójì ọdún, bí èèyàn ṣe ń tẹ wáyà síwá sẹ́yìn títí tó fi já.

Ẹ wá ẹni kan tó máa bá yín dúró tì í. Ẹ fi kerosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ gíríìsì àti ẹrẹ̀ kúrò lára ibi tí àpótí wà, nínú ṣáásí àti lóde ẹ̀, ẹ wá òkúta dí táyà ẹ̀yìn, ẹ tẹ bíréèkì ìdádúró (parking brake). Kí ẹnì kejì tan ẹ́ńjìnì, kó máa yí sítíárìn sọ́tùn-ún sósì díẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú táyà nílẹ̀, kẹ́yin máa fi tọ́ọ̀ṣì wò ó látẹ̀gbẹ́, ẹ má wọ abẹ́ ẹ̀. Tí àpótí bá ń rìn lára ṣáásí, bóòtù ló ti dẹ̀. Tí àpótí àti ṣáásí bá jọ ń mí síta mí wọlé, ṣáásí ló ń lọ́, ó sì ṣeé ṣe kó ti sán. Tí ọ̀pá sítíárìn bá ń yí àmọ́ tí àpótí ò tètè dáhùn, ẹ wo rọ́bà tó so ọ̀pá mọ́ àpótí, ó máa ń jẹ, wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ ranti ẹ̀. Ẹ tún wo àwọn bóòtù tó mú apá orí knuckle, ìró "kọ́" máa ń tibẹ̀ wá dáadáa.

Sísán yẹn kì í hàn ketekete o. Ẹ lè rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó pọ́n bí ìpẹtà jáde láti ihò bóòtù, tàbí kẹ́ ẹ má rí nǹkan kan rárá. Oògùn pupa kan wà tí àwọn wẹ́dà máa ń fọ́n sí irin, wọ́n á nù ún kúrò, wọ́n á wá fọ́n funfun lé e, ibi tó bá ti sán á pọ́n jáde. Owó ẹ̀ ò pọ̀, ẹ ṣe é.

Tó bá ti sán, ẹ má de irin kankan lé e báyẹn. Irin tí wọ́n bá dè lé ojú sísán, ńṣe ló máa bò ó, sísán á sì máa lọ lábẹ́ ẹ̀ títí tí àpótí á fi já kúrò lọ́jọ́ kan, mi ò sì fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí yín lórí márosẹ̀ I-10 láàárín tírélà. Ẹ yọ àpótí kúrò pátápátá. Kí wẹ́dà wá ibi tí sísán parí sí gan-an, kó lu ihò kékeré síbẹ̀, bíi mílímítà mẹ́ta, ihò yẹn ni ò ní jẹ́ kó rìn síwájú mọ́. Kó wá fi gíráńdà gbẹ́ ojú ẹ̀ bíi V kí iná lè dénú irin, kó jó o, kó lọ̀ ọ́ dọ́gba, ìgbà yẹn ló tó lè fi irin pẹlẹbẹ bò ó. Irin pẹlẹbẹ yẹn ò gbọdọ̀ nípọn ju ṣáásí lọ púpọ̀, bí ínṣì 3/16 ti tó. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bó bá ṣe nípọn tó ló máa le tó, àmọ́ tó bá nípọn jù, ibi tẹ́ ẹ bò ò ní lọ́ mọ́ lóòótọ́, etí ibi tó parí sí ló máa wá sán. Torí ẹ̀ náà ni kò fi yẹ kí etí ẹ̀ dúró gbọnrangandan látòkè délẹ̀, kí wọ́n gé e ní ìdagẹ̀rẹ̀ tàbí kó ṣe ṣóńṣó, kí wọ́n má sì jó irin gba orí ètè òkè tàbí ètè ìsàlẹ̀ ṣáásí kọjá. Kẹ́ ẹ tó tan iná wẹ́dà, ẹ yọ okùn bátìrì, ẹ sún páìpù bíréèkì àti ti epo kúrò nítòsí. Tí wẹ́dà bá tún fẹ́ dí ẹnu C yẹn pa kó di onígun mẹ́rin, ẹ rí i pé ó fi páìpù kékeré sínú ibi tí bóòtù máa gbà kọjá, torí láìsí ìyẹn, bẹ́ ẹ bá ṣe ń fún bóòtù ni ṣáásí á máa wọlé, bóòtù ò sì ní dúró bó ṣe yẹ láéláé.

Ẹ̀yìn èyí ni irin àtìlẹ́yìn tí ọ̀rẹ́ yín sọ wá wúlò, ó sì wúlò gan-an, mi ò bá a jiyàn. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó mú agbára tó wà lórí ihò bóòtù yẹn, kó pín in lọ sára irin ìdábùú àti apá ibòmíì lára ṣáásí. Èyí tó dáa nínú wọn máa ń di bóòtù àpótí fúnra ẹ̀ mú, ó sì máa ń so ó pọ̀ mọ́ nǹkan tí ò ní lọ́. Bóòtù Grade 8, irú tó le gan-an, ni kẹ́ ẹ lò, tuntun, ẹ má kó àwọn àtijọ́ padà síbẹ̀.

Ti pé ó ń rìn kiri lójú ọ̀nà, ìyẹn lè má jẹ́ ti sísán nìkan. Ẹ ti gbé e sókè ínṣì mẹ́rin, drag link yín ti dagẹ̀rẹ̀. Tí sípíríǹgì bá gòkè tàbí lọ sílẹ̀, drag link á fa táyà fúnra ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan sítíárìn. Ohun tó dáa ni kẹ́ ẹ gbé apá orí knuckle sókè kí drag link lè dọ́gba padà. Pitman arm tó gùn sísàlẹ̀ tí wọ́n máa ń tà pọ̀ mọ́ irin ìgbésókè, èmi ò fẹ́ ẹ, torí bó ṣe gùn sí i náà ni agbára tó fi ń lọ́ àpótí àti ṣáásí ṣe ń pọ̀ sí i. Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n wọn caster, ìyẹn bí orí knuckle ṣe fì sẹ́yìn, nígbà alignment, gbígbé ọkọ̀ onísípíríǹgì sókè máa ń bà á jẹ́, wọ́n á fi ṣíìmù onídagẹ̀rẹ̀ tún un ṣe.

Tẹ́ ẹ bá wá gbé e ga ju báyìí lọ lọ́jọ́ iwájú, ẹ lè ronú crossover, tí drag link máa dábùú lọ sí táyà ọ̀tún. Àpótí sítíárìn ti two-wheel ló ń gbà, torí tirẹ̀ ló ń yí sọ́tùn-ún sósì, ẹ sì nílò knuckle ọ̀tún tí wọ́n lè de apá mọ́ lórí. Ibì kan náà ló ṣì máa fa lára ṣáásí o, ẹ ò lè torí ẹ̀ fi àtìlẹ́yìn sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Jeep Cherokee 1998 ni tèmi, Baltimore ni mo wà. Mẹkáníìkì ní irin àlùmíníọ̀mù tó wà láàárín àpótí sítíárìn àti ara ọkọ̀ ti fọ́ sí méjì. Ṣé wẹ́dà lè jó o?

ÌDÁHÙN: Rárá o, mà á, ẹ má jó o. Gbogbo Cherokee onígun mẹ́rin yẹn, láti 1984 dé 2001, ló ní irin àlùmíníọ̀mù yẹn, ó sì máa ń fọ́ tí táyà bá tóbi tàbí tí ẹ bá fi táyà gbá òkúta. Wọ́n ń ta onírin gidi tó wọ ibẹ̀ gẹ́lẹ́, òun ni kẹ́ ẹ rà. Àmọ́ ẹ rántí pé ọkọ̀ yẹn ò ní ṣáásí tó dá dúró bíi ti ará Houston lókè yìí, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ká ni wọ́n jó pọ̀ mọ́ ara ọkọ̀, ó fẹ́lẹ́. Torí náà irin àtìlẹ́yìn tó máa dábùú láti apá òsì lọ mú apá ọ̀tún ló dáa jù fún tiyín, kó má jẹ́ apá kan ló ń ru gbogbo ẹ̀. Nígbà tí mẹkáníìkì bá ti tú u, ẹ ní kó wo ihò bóòtù tó wà lára ọkọ̀ bóyá ó ti fẹ̀, kó sì wo ìdí track bar, irin tí kì í jẹ́ kí ìdí táyà iwájú yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí ibẹ̀ náà kì í jìnnà sí àárẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ìsẹ́yìn ni mo ti ń kọ̀wé. Mo ní Hilux díẹ́sẹ́lì àtijọ́ fọ́-wíìlì, onísípíríǹgì níwájú, òun la fi ń kó ẹ̀gẹ́ láti oko. Tí mo bá já sí kòtò lórí ọ̀dà, sítíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n títí mo fi máa dúró. Oníṣòwò kan ní kí n fi ṣọ́ọ̀kì sítíárìn méjì sí i.

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ẹ má ra ṣọ́ọ̀kì méjì o, kò ní wo àìsàn yẹn, ńṣe ló máa fi pa mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Àsọ́ọ̀lù (axle) iwájú tiyín, irin tó so táyà méjèèjì pọ̀, lódindi ni, béárìn sì wà lókè àti nísàlẹ̀ knuckle ẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù irin ńlá yẹn, omi àti ẹrẹ̀ máa ń wọbẹ̀ tí rọ́bà ẹ̀ bá ti gé. Ẹ fi jáàkì gbé táyà kúrò nílẹ̀, ẹ di orí àti ìdí ẹ̀ mú, ẹ mì ín, kí ẹlòmíì máa tẹ bíréèkì. Tó bá ṣì ń mì pẹ̀lú bíréèkì títẹ̀, béárìn knuckle ni. Tó bá dúró nígbà tẹ́ ẹ tẹ bíréèkì, béárìn táyà ni. Ẹ tún wo búúṣì sípíríǹgì àti táìrọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n ṣe balance táyà. Ṣáásí Hilux náà lè sán nídìí sítíárìn, pàápàá tó bá ti ń ru ẹrù tó pọ̀ jù, ẹ ní kí wẹ́dà ibẹ̀ fọ̀ ọ́ wò bí mo ṣe ṣàlàyé fún ará Houston. Tẹ́ ẹ bá ti pààrọ̀ ohun tó jẹ tán, ṣọ́ọ̀kì sítíárìn kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe ọkọ̀ yẹn mọ́ ti tó o.