Fọ́tò Seydou Keïta nínú fídíò orin: kí lẹ lè mú, kí lẹ máa fi sílẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Fídíò orin ni mò ń yà n'Ìbàdàn. Olórin kan kó fọ́tò Seydou Keïta àti Malick Sidibé, àwọn ayàwòrán Bàmákò ní Mali, wá bá mi, ó ní bí fídíò òun ṣe máa rí nìyẹn. Ó tún fẹ́ kí àwọn obìnrin inú rẹ̀ ṣe irun bíi ti inú fọ́tò Ojeikere, ayàwòrán Nàìjíríà. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan: mo ta ankara sẹ́yìn wọn, mo sọ ọ́ di dúdú-àti-funfun, àmọ́ ńṣe ló dà bíi fọ́tò ọjọ́ ìbí. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́? Ṣé wọn ò sì ní pè mí lẹ́jọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú làákàyè. Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sí yín lójú nínú àwọn fọ́tò yẹn ni aṣọ ẹ̀yìn, òun náà lẹ sì mú. Ṣùgbọ́n aṣọ ẹ̀yìn kọ́ ló gbé fọ́tò Keïta ró. Ìmọ́lẹ̀ ló gbé e ró, àti ibi tí kámẹ́rà dúró sí, àti bó ṣe máa ń to ọwọ́ àti ọrùn ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ọ̀nà tó gbà ṣiṣẹ́ ni kí ẹ yá lò, ẹ má yá àwòrán tó yà. Ohun tó máa mú kí fídíò yín dára nìyẹn, òun náà ló sì máa yọ yín nínú ẹjọ́.

Ká ti ibi ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láàárín 1948 sí 1962 tí Keïta fi ní ṣọ́ọ̀bù ní Bàmákò, ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ló sábà máa ń lò, nínú àgbàlá. Kámẹ́rà ńlá tí fíìmù rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 13 níbùú, 18 lóròó, ló fi ń yà wọ́n. Owó fíìmù yẹn kì í ṣe kékeré, torí náà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sábà máa ń tẹ̀ ẹ́ fún oníbàárà kan. Kó tó tẹ̀ ẹ́, ó ti to gbogbo nǹkan tán. Ìmọ́lẹ̀ àgbàlá rọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ dúdú fi ń dán lára wọn láìfọ́ funfun níwájú orí.

Ẹ wá àgbàlá tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí òòrùn kò kàn tààrà, ṣùgbọ́n tí ojú ọ̀run ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Aago 9 sí 11 òwúrọ̀ dára, aago 3 sí 5 ìrọ̀lẹ́ náà dára. Bí òòrùn bá yọ́ wọlé, ẹ na aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tó mítà 3 níbùú lóròó sókè orí wọn, kí ẹ sì so igun rẹ̀ le, torí aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń gbé yóò mú kí ìmọ́lẹ̀ máa pọ̀ máa dín lójú olórin. Ẹ ta aṣọ dúdú sí apá kan, kó jìnnà sí i tó bíi mítà kan, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ apá ibẹ̀ lè ṣú díẹ̀. Ojú èèyàn ni kí ẹ ti wọn ìmọ́lẹ̀. Kámẹ́rà tí ẹ bá fi sílẹ̀ kó yan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ yóò rí léèsì funfun, yóò sì sọ ojú olórin di èédú. Iná róbótó tí àwọn oní-TikTok ń lò, ẹ fi sílẹ̀ nílé. Ó ń tànmọ́lẹ̀ dọ́gba-dọ́gba sójú, ó ń pa imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ́, ó sì ń yí òrùka sínú ẹyinjú. Tó bá jẹ́ òun lẹ lò, òun ló sọ iṣẹ́ yín di fọ́tò ọjọ́ ìbí.

Lẹ́ǹsì tí ẹ nílò ni 50mm lórí kámẹ́rà full-frame (èyí tí ojú tó fi ń gba àwòrán tóbi), tàbí 35mm lórí Super 35 (èyí tí tirẹ̀ kéré sí i). Kí kámẹ́rà ga dé àyà ẹni tó dúró, kó má ga dé ojú rẹ̀. Láti rí èèyàn látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ óò nílò nǹkan bíi mítà 4 àbọ̀ láàárín lẹ́ǹsì àti òun. Ibi tí kò gùn tó bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí àwọn èèyàn fa 24mm yọ, lẹ́ǹsì yẹn á sì máa fa ẹsẹ̀ àti orí gùn létí àwòrán. Kí aṣọ ẹ̀yìn wà ní bíi sẹ̀ǹtímítà 70 sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ní f/4 (nọ́ńbà tó ń sọ bí ojú lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó), àti èèyàn àti aṣọ ni yóò hàn kedere. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba nǹkan jẹ́ nìyí: wọ́n á ṣí lẹ́ǹsì dé f/1.8 kí ẹ̀yìn lè yọ́, torí wọ́n gbà pé bí fíìmù ṣe ń rí nìyẹn. Nínú fọ́tò Keïta, ẹ̀yìn kì í yọ́. Òdòdó ara aṣọ ẹ̀yìn àti òdòdó ara bùbá obìnrin náà máa ń wọ inú ara wọn, débi pé ojú àti ọwọ́ nìkan ló máa ń yọ síta pátápátá. Ẹni tó bá mú kí aṣọ yọ́ ti pa ìdàpọ̀ òdòdó yẹn, ìdàpọ̀ náà sì ni adùn fọ́tò Keïta.

Kò pọn dandan kí aṣọ náà fúnra rẹ̀ wọ́n. Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni Keïta kọ́kọ́ ta. Nǹkan méjì ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Àkọ́kọ́, ìlà tínínrín. Ní mítà 4 àbọ̀ tí mo wí yẹn, píksẹ́lì kan (ẹyọ tó kéré jù nínú àwòrán) lórí fídíò 1080 ń gbé bíi mìlímítà 2. Aṣọ tí ìlà rẹ̀ kò tó mìlímítà 5 yóò máa gbọ̀n, yóò sì máa yọ ìlà tí kò sí lára rẹ̀. Ìkejì, àwọ̀. Pupa àti ewé tó ń bára wọn jà lórí ankara lè di eérú kan náà nígbà tí ẹ bá yọ àwọ̀ kúrò, aṣọ á wá dà bí ògiri tí wọn ò kùn. Ẹ fi fóònù ya aṣọ náà lọ́jà, ẹ sọ ọ́ di dúdú-àti-funfun níbẹ̀, kí ẹ tó sanwó.

Ní ti ìdúró, ẹ wo bí Keïta ṣe ń yí àwọn èèyàn sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, tí èjìká kan á wá síwájú tí orí á yí padà wo lẹ́ǹsì. Ọwọ́ kì í sùn. Aago ọwọ́, kálàmù, rédíò, àní alùpùpù wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún oníbàárà tó bá fẹ́ lò ó. Ẹ bi olórin yín léèrè ohun tó fẹ́ kí wọ́n rí lọ́wọ́ òun. Bí ẹ bá kàn gbé rédíò àtijọ́ lé e lọ́wọ́ nítorí pé rédíò wà nínú fọ́tò kan, yóò hàn pé ohun tó dì mú kì í ṣe tirẹ̀.

Ibi tó le jù rèé: fọ́tò dúró, fídíò ń lọ. Bí ohunkóhun kò bá mira, ìṣẹ́jú-àáyá méjì ni yóò fi kú lójú òǹwòran. Bí ẹ bá sì wá ń fi kámẹ́rà yí wọn ká, kò sí fọ́tò níbẹ̀ mọ́. Ẹ yan ohun kan ṣoṣo tí yóò máa mira nínú férémù kọ̀ọ̀kan, kí kámẹ́rà dúró ṣinṣin lórí ẹsẹ̀ rẹ̀: etí gèlè, ẹsẹ̀ tó ń tẹlẹ̀, ètè olórin láàárín àwọn tó dúró bí ère. Ọgbọ́n kan tó wúlò ni pé kí ẹ ya á ní férémù 50 (ìyẹn àwòrán 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), kí ẹ sì mú orin náà yá sí ìlọ́po méjì nígbà tí olórin bá ń kọ ọ́ níwájú kámẹ́rà. Bí ẹ bá dá fídíò náà padà sí 25, ètè yóò bá orin mu, ṣùgbọ́n ara àti aṣọ yóò máa lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Jẹ́ kí olórin fi ìyára yẹn gbìdánwò ṣáájú. Ẹni tí kò gbìdánwò máa ń jẹ ọ̀rọ̀ lẹ́nu, a ó sì rí i.

Bí iná NEPA bá wà nínú férémù, shutter (àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún àwòrán kan) 1/50 tàbí 1/100 ni kí ẹ lò, torí 50Hz ni iná wa. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í dúró lójú kan, gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú yóò sì máa ṣẹ́jú nínú fídíò láìjẹ́ pé ojú yín rí i níbi iṣẹ́. Ẹ ya ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, ẹ wò ó padà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Gígé ńkọ́? Ká mú orin tó ń lu ìlù 100 ní ìṣẹ́jú kan ṣe àpẹẹrẹ: ìlù mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 2.4. Ẹ fún férémù kọ̀ọ̀kan ní ìlù mẹ́jọ, ó kéré tán, kí ojú lè rí àyè rìn lórí aṣọ dé ojú. Bí ẹ bá fẹ́ pa ìwọ̀n Keïta mọ́ gan-an lórí YouTube, fífẹ̀ píksẹ́lì 780 nínú gíga 1080 ni, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣókùnkùn.

Sidibé yàtọ̀. Àwọn fọ́tò ijó rẹ̀ ti ọdún 1960 sí i, kámẹ́rà kékeré àti iná flash ló fi yà wọ́n, láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń jó. Fún èyí, ẹ so LED kékeré kan mọ́ òkè lẹ́ǹsì, kí ẹ sì sún mọ́ wọn tó mítà kan àbọ̀. Bí ògiri bá wà ní mítà 4 àbọ̀, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ìmọ́lẹ̀ ojú wọn ni yóò dé ibẹ̀, òkùnkùn yóò sì gbá wọn mú láìjẹ́ pé ẹ kun nǹkan kan. Níbí ni kámẹ́rà ti lè máa rìn. Fídíò “Got 'til It's Gone” ti Janet Jackson, tí Mark Romanek darí ní 1997, mú lára àwọn fọ́tò Bàmákò yìí àti lára ìwé ìròyìn Drum ti South Africa, ó sì gba Grammy. Inna Modja, ọmọ Mali, lọ ya “Tombouctou” ní ṣọ́ọ̀bù Sidibé fúnra rẹ̀ ní 2015, ọdún kan kí bàbá náà tó kú. Lójú tèmi, kò sí ọ̀nà ìyálò tó mọ́ ju ìyẹn lọ.

Irun. J.D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968, ó sì ya nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan kó tó di olóògbé ní 2014. Ẹ̀yìn orí àti ẹ̀gbẹ́ ló pọ̀ jù, kò sì sí ohunkóhun lẹ́yìn wọn. Ẹ má ta aṣọ dúdú. Irun yóò rì sínú rẹ̀. Aṣọ tó ní àwọ̀ eérú ni kí ẹ lò, kí iná kan ṣoṣo sì wá láti ẹ̀gbẹ́ gan-an, kó máa rá gba orí irun náà kọjá, ìyẹn ni ojú ìdì ṣùkú tàbí òwú onílé gogoro yóò fi yọ. Bí iná bá wá láti iwájú, gbogbo rẹ̀ á di pẹrẹsẹ. Ẹ fi obìnrin náà sórí àga tó ń yí, kí ẹnì kan máa yí i díẹ̀díẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú-àáyá. Irun kíkó kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ìkánjú ṣe: ẹ jẹ́ kí onídìrí ti parí kí àwọn oníkámẹ́rà tó dé, kí ó sì dúró tì yín pẹ̀lú òwú lọ́wọ́.

Ó wá ku ẹjọ́. Kò sẹ́ni tó ni aṣọ olódòdó lẹ́yìn èèyàn, kò sẹ́ni tó ni ìmọ́lẹ̀ àgbàlá. Ohun tó lè jẹ́ ti ẹnì kan ni bó ṣe to gbogbo rẹ̀ pọ̀ nínú fọ́tò kan pàtó. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ (copyright) Nàìjíríà ti 2022 sì ka fọ́tò mọ́ iṣẹ́ ọnà tí òfin dáàbò bò. Ní 2011, David LaChapelle, ayàwòrán, pe Rihanna lẹ́jọ́ ní New York lórí fídíò “S&M”. Adájọ́ da àwọn ẹ̀sùn kan nù, ṣùgbọ́n ó ní kí ti ẹ̀tọ́ àdàkọ máa lọ, torí pé ìtò, àwọ̀ àti ìṣesí àwọn èèyàn inú rẹ̀ jọ ti fọ́tò LaChapelle kọjá èrò lásán. Wọ́n parí rẹ̀ láàárín ara wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ Guy Bourdin, ayàwòrán ará Faransé, ṣe pe Madonna lẹ́jọ́ ní 2003 lórí “Hollywood”, tí wọ́n sì parí rẹ̀ láìdé ìdájọ́.

Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé fọ́tò kan ṣoṣo síwájú níbi iṣẹ́ kí ẹ máa tún un tò. Ẹ kó bíi ogún jọ, ẹ kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú wọn sílẹ̀ lọ́rọ̀ ara yín, kí ẹ sì fi ìwé yẹn ṣiṣẹ́, kí fọ́tò wà nílé. Bí olórin bá taku pé dandan ni kí férémù kan rí bíi fọ́tò kan gẹ́lẹ́, ẹ kọ̀wé gba àṣẹ lọ́wọ́ gálérì tàbí ẹbí tó ń ṣojú ayàwòrán náà, kí ẹ gbà á kí ẹ tó yà á.

Ẹ dárúkọ ayàwòrán náà pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdárúkọ kì í ṣe àṣẹ. Ní 1991, wọ́n pàtẹ fọ́tò Keïta ní New York láìsí orúkọ rẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, nígbà tí ó ṣì wà láàyè ní Bàmákò. Ẹgbẹ́ olórin Red Hot Chili Peppers kọ orúkọ oníṣẹ́ ọnà Erwin Wurm sí ìparí fídíò “Can't Stop” ní 2003, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe àwòṣe. Ojú fídíò gan-an ni kí ẹ kọ ọ́ sí, fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta ó kéré tán: ohun tí ẹ bá kọ sábẹ́ YouTube kì í bá fídíò lọ nígbà tí àwọn èèyàn bá gé e lọ sí Instagram àti WhatsApp.