Ṣé oníbísínẹ́ẹ̀sì ni Ambode kó tó di gómìnà Èkó?

Ó ṣe bísínẹ́ẹ̀sì díẹ̀, àmọ́ kì í ṣe òun ló gbé e débẹ̀. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ wa níbí ni, wọ́n bí i ní 1963, akáńtáńtì ni, iṣẹ́ ìjọba ló sì ń ṣe tipẹ́, ó tiẹ̀ ṣiṣẹ́ ní kánsù Àgbádárìgì kó tó di Accountant-General, ìyẹn olórí àwọn akáńtáńtì ìjọba, ní ìpínlẹ̀ Èkó ní 2006. 2012 ló kúrò ńbẹ̀ tó wá dá Brandsmiths Consulting sílẹ̀, wọ́n ń gbani nímọ̀ràn lórí owó ìjọba, kì í ṣe ìsọ̀ ẹja l'ọ́jà Olúwo o! 2015 ló na Jimi Agbaje ti PDP nínú ìbò gómìnà, ó wọlé, àmọ́ nígbà tó di October 2018 Sanwo-Olu gba tíkẹ́ẹ̀tì APC mọ́ ọn lọ́wọ́, sáà kan péré ló lò.