“Ẹ Jẹ́ Kí Ó Tán”: Ìbéèrè Kan Láti Ilé-Ifẹ̀

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ilé-Ifẹ̀, mo sì fẹ́ràn orin àtijọ́ púpọ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan, èmi àti ọ̀rẹ́ mi wọkọ̀ lọ sí Iléṣà nítorí ilé ọtí kékeré kan tí wọ́n ròyìn rẹ̀ fún wa, níbi tí bàbá kan ti máa ń gbé àwo orin sórí gírámáfóònù fún àwọn tó bá wá mutí. Àga ibẹ̀ kò ju mẹ́jọ lọ. Orin Ebenezer Obey ló ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí a wọlé. A dọ̀bálẹ̀ kí bàbá náà, orí lásán ni ó mì sí wa. A ra ọtí Trophy méjì, a sì jókòó. Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi orin I. K. Dairo sí i, nítorí pé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà la wà. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí ó tán.” Ọ̀rẹ́ mi gbé fóònù sókè láti ya àwòrán àwọn àwo tí wọ́n tò sára ògiri, bàbá ní kí ó dá a padà sápò. Nígbà tí a wá rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ kan láàárín ara wa, ó yíjú sí wa, ó ní, “Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, ìta wà.” A mu ọtí wa tán, a sì dìde, orin náà kò tíì parí. Ṣé bó ṣe yẹ kí ẹni tó ń tajà ṣe sí oníbàárà rẹ̀ nìyẹn? Ohun tó sì dùn mí jù ni pé n kò gbọ́ orin tó mọ́ kedere tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó dà bí ẹni pé mo ń rí ìka onílù lára awọ. Ṣé kí n padà síbẹ̀?

Oǹkàwé yín, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN

Ẹ padà síbẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ìka onílù lára awọ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ojú líle ọkùnrin kan gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ òun. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ohun tó lè dà bí ẹni pé mò ń gbè sẹ́yìn bàbá náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó. Kò sí àwo orin tó ṣọ̀wọ́n débi pé àgbàlagbà tí a dọ̀bálẹ̀ kí kò ní lè la ẹnu sọ pé ẹ káàbọ̀. Ìlú àwọn òṣómàáló ni Iléṣà, ìlú àwọn oníṣòwò tí wọn yóò lóṣòó ti onígbèsè títí yóò fi san kọ́bọ̀ tó kẹ́yìn; ẹni tó bá dàgbà nírú ìlú bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ohun tí a bá jẹni ni à ń san. Bàbá náà jẹ yín ní “ẹ káàbọ̀” kan, kò sì tíì san án títí di òní.

Ní ti orin tí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi sí i, mo rò pé ẹ ṣì í gbọ́ ni. Àwo ńlá, èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ bí ẹsẹ̀ bàtà kan, máa ń yí ní ìgbà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àti díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, ojú kan rẹ̀ sì lè gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, àwọn olórin jùjú wa sọ ogún ìṣẹ́jú yẹn di ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọn kì í dá sí méjì: orin á wọ inú orin, wọn á ki ẹni kan, wọn á pòwe, gìtá á gbà á lẹ́nu onílù, onílù á tún gbà á padà, títí abẹ́rẹ́ yóò fi dé àárín àwo. Ẹni tó bá gbé abẹ́rẹ́ kúrò lójú ọ̀nà ti já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu olórin. Ti Dairo yàtọ̀, nítorí pé àwo kékeré oníṣẹ́jú mẹ́ta ló gbé ọ̀pọ̀ orin tó fi lókìkí ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1965, ìyẹn ni àwọn àwo tó ń yí ní ìgbà márùndínláàádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú kan. Bàbá ní láti dá Obey dúró, kí ó yí ìyára ẹ̀rọ padà, kí ó sì tún wá àwo mìíràn jáde nínú páálí. “Ẹ jẹ́ kí ó tán” kì í ṣe “n kò ní fi í sí i.” Ẹ̀yin lẹ dìde kí ó tó tán. Lọ́kàn tèmi, Dairo ni ì bá gbé sí i tẹ̀lé e. Èwo nínú àwọn ará Iléṣà tó ń tọ́jú àwo orin ni kò ní fi tọkàntọkàn gbé ọkùnrin yẹn sí i, ẹni tí ìdílé rẹ̀ ṣẹ̀ wá láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọ̀fà ni wọ́n bí i sí, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní ọdún 1963?

Ti fóònù kò gbọdọ̀ bí yín nínú rárá. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníṣòwò láti òkè òkun ti ń wá àwo àtijọ́ ilẹ̀ wa kiri, owó gọbọi ni wọ́n sì ń tà á fún àwọn tó ń kó o jọ lọ́hùn-ún. Bí àwòrán ògiri bàbá yẹn bá bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, olè lè fọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́la.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni mo ronú lé lórí jù lọ. Ní Jàpáànì, irú ilé tí ẹ lọ yẹn ní orúkọ, jazz kissa ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, àwo orin láti Amẹ́ríkà wọ́n ju ohun tí apá ọ̀dọ́ lásán ká lọ, nítorí náà wọn a ra kọfí ife kan, wọn a sì jókòó fún wákàtí mélòó kan láti gbọ́ èyí tí onílé bá yàn. Nínú ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́ èèwọ̀, kò sì sí ẹni tó ń kà á sí àrífín. Ṣùgbọ́n orin tiwa kò bẹ́ẹ̀. Òde ayẹyẹ ni jùjú àti àpàlà ti gbilẹ̀, níbi tí ẹni tí wọ́n ki ti ń dìde náwó fún olórin, tí àwọn tó jókòó sì ń dá ìlù lóhùn. Ẹ kò ṣẹ̀ nígbà tí ẹ rẹ́rìn-ín nídìí irú orin bẹ́ẹ̀, ẹni tó sì fẹ́ kí a dákẹ́ nídìí rẹ̀ yẹ kó kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà kí a tó wọlé.

Síbẹ̀, mo mọ ohun tí bàbá náà ń wá. Nígbà kan, ní irú yàrá bẹ́ẹ̀ níbí ní Ilé-Ifẹ̀, mo wo onílé bó ṣe fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di etí àwo mú, tí ìka rẹ̀ kan kò kan ojú rẹ̀ nítorí pé òróró ara máa ń fa eruku mọ́ ipa orin; ó nù ún, ó rọra sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀, ó sì mí sínú kí ohùn tó jáde. Àpàlà kan tí mo ti jó sí ní òde ìgbéyàwó láìmọye ìgbà ni. Ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ikú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni olórin náà ń dárò nínú ẹsẹ̀ kejì. Ariwo òde ti bò ó mọ́ mi lójú láti ìgbà èwe mi.

Nítorí náà, ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, nígbà tí èrò kò pọ̀. Bí bàbá tiyín tàbí bàbá àgbà bá fi àwo kankan sílẹ̀ sínú àpótí tí ẹnikẹ́ni kò ṣí mọ́, ẹ mú ọ̀kan dání, ẹ sì bi í bóyá ó ṣì lè dún. Mi ò tíì rí ẹni tó fẹ́ràn àwo tí yóò di ojú mọ́ irú ìbéèrè yẹn. Ẹ má wọlé nígbà tí orin bá ń lọ. Ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà títí abẹ́rẹ́ yóò fi gbéra, kí ẹ tó kí i. Bí ó bá tún fi orí lásán dá yín lóhùn nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, ẹ gbé àwo yín, kí ẹ sì máa bọ̀ ní Ifẹ̀.