Èsì: Ìdíje fọ́tò angelfish

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè bí ẹ ṣe máa gba fọ́tò lọ́wọ́ àwọn tó ń sin angelfish (ẹja ọ̀ṣọ́ inú táǹkì gíláàsì) ní Kabba, Mopa àti Ìsánlú, kí ìdíje má di ìjà.

Ibi tó máa ń bàjẹ́ jù ni fífi fọ́tò ránṣẹ́. WhatsApp máa ń fún àwòrán pọ̀, ìpẹ́ ẹja ò ní hàn mọ́. Kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi document. Fọ́tò kan lẹ́nìkan. Ẹ fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ kí ó tó dé ọwọ́ adájọ́.

Kí wọ́n nu gíláàsì tinú-tòde, kí wọ́n pa iná yàrá, kí iná orí táǹkì nìkan máa tàn, kí fóònù sì dojú kọ gíláàsì tààrà. Fíláàṣì máa ń ta padà lára gíláàsì, ẹ má gbà á láyè.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba fọ́tò ẹja tí wọ́n há sínú ìgò. Ẹ̀rù á bà á, á ká lẹbẹ mọ́ra, àwọ̀ rẹ̀ á sì yí padà. Èyí tó ń ṣọ́ ẹyin ńkọ́? Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje pátápátá: tí wọ́n bá dà á láàmú, ó lè jẹ ẹyin náà tán.

Ní ti máàkì, ojú ẹja ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ojú bá ṣú, kò yẹ kó gba ipò kìíní, bó ti wù kí àwọ̀ rẹ̀ dára tó.