Ṣé fífi omi glúkóòsì yọ ẹnu lè mú kí n lágbára sí i nídìí irin gbígbé?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni mo máa ń lọ gbé irin kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Mi ò lè jẹun ṣáájú, torí èébì máa ń gbé mi. Ẹnì kan ní jíìmù wa ní kí n máa fi omi glúkóòsì yọ ẹnu, kí n tu ú dànù, pé agbára mi á pọ̀ sí i. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ẹni tó sọ ọ́ fún ọ ti bù mọ́ ọn.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ̀rọ̀ yìí ti wá. Ní ọdún 2004, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Birmingham ní kí àwọn kan máa fi omi tí wọ́n po maltodextrin (ìyẹ̀fun afúnnilágbára kan tí wọ́n ń fi sítáàṣì ṣe) mọ́ yọ ẹnu bí wọ́n ṣe ń wa kẹ̀kẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí kan, kí wọ́n sì máa tu ú dànù. Wọn ò gbé e mì, síbẹ̀ eré wọn fi nǹkan bíi 3% dára sí i. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé nígbà tí wọ́n fa glúkóòsì sí àwọn awakẹ̀kẹ́ lára bí ẹni ń gba omi ní ọsibítù, eré wọn ò yí padà rárá! Ní 2009, wọ́n ya àwòrán ọpọlọ, wọ́n sì rí i pé bí glúkóòsì tàbí maltodextrin bá ti kan ẹnu, àwọn ibi tó ń ṣètò ìwúrí nínú ọpọlọ á ta jí. Sákárìnì, tó dùn àmọ́ tí kò ní agbára oúnjẹ nínú, kò ran eré wọn lọ́wọ́. Maltodextrin rèé, kò fi bẹ́ẹ̀ dùn. Ó jọ pé ẹnu mọ oúnjẹ gidi yàtọ̀ sí adùn lásán, òun ló sì ń ta ọpọlọ lólobó pé oúnjẹ ń bọ̀.

Irin gbígbé ńkọ́? Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Brazil ní 2011 wo ìwúwo tó pọ̀ jù tí èèyàn lè tì sókè lórí bẹ́ǹṣì lẹ́ẹ̀kan, àti iye ìgbà tó lè tì í ní 70% rẹ̀. Kò sí ìyàtọ̀ kankan. Àwọn ìwádìí míì lẹ́yìn ìyẹn rí i pé iye ìgbà lè fi díẹ̀ lé sí i. Nítorí náà, má retí pé irin tó wúwo jù ọ́ lọ lánàá á fúyẹ́ lónìí.

Ebi àárọ̀ tìrẹ yìí ni kò jẹ́ kí n sọ pé kó o má gbìyànjú ẹ̀, torí ara àwọn awakẹ̀kẹ́ tí ebi ń pa ló ti hàn jù. Po nǹkan bíi gíráàmù 6 glúkóòsì sínú mìlílítà 100 omi. Bu ẹnu kan, yí i kiri lẹ́nu fún ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10, tu ú dànù, kó o tó gbé irin. Tó o bá ṣe tán, fi omi lásán yọ ẹnu nítorí eyín. (Bó bá jẹ́ inú ààwẹ̀ ni, àfáà rẹ ni kó o bi, kì í ṣe èmi.)

Lójú tèmi, oúnjẹ alẹ́ ló yẹ kó o kọ́kọ́ tún ṣe. Jẹ iṣu, ìrẹsì tàbí àmàlà dáadáa kó o tó sùn. Bí inú rẹ bá sì gba omi glúkóòsì yẹn láàárọ̀, kí lo fẹ́ tu ú dànù fún? Gbé e mì.