O béèrè pé: kí ló dé tí ilé ìtajà òyìnbó fi kó sí Gbági, lẹ́bàá Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn, tí wọn kò lọ sí Ọjà'ba, ọjà àtijọ́ tó wà láàrin ìlú?

Rélùwéè ni, ọ̀rẹ́ mi. Ọdún 1901 ló wọ Ìbàdàn, Dùgbẹ̀ sì ni ibùdókọ̀ rẹ̀ wà. Ẹni tó ń ra kòkó, tó ń kó aṣọ dé láti òkè òkun, kí ló fẹ́ lọ wá ní Ọjà'ba? Ẹ̀bá ojú irin ni àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó kọ́lé sí, àwọn ará Lẹ́bánónì sì gbé aṣọ tẹ̀lé wọn. Lebanon Street ṣì wà níbẹ̀ dòní.

Ṣùgbọ́n Sábó, àdúgbò àwọn Hausa tí o pa pọ̀ mọ́ Gbági nínú ìbéèrè rẹ, yàtọ̀. Ọdún 1916 ni wọ́n ya ilẹ̀ yẹn sọ́tọ̀ fún àwọn Hausa. Obì ń lọ sókè Ọya, màlúù ń bọ̀ níhìn-ín. Onílé ibẹ̀ á gba oníṣòwò sílé, á bá a wá oníbàárà, á tún ṣe onídùúró fún un tó bá di ọ̀rọ̀ àwìn. Kì í ṣe ilé gbígbé lásán.

Àlàyé rélùwéè yìí kò bá ayé ìsinsìnyí mu o. Nígbà tí mọ́tò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ojú irin, ọ̀pọ̀ aláṣọ kó lọ sí Gbági tuntun lójú ọ̀nà Ifẹ̀, Shoprite, ilé ìtajà ìgbàlódé ńlá, sì dé Ring Road lọ́dún 2014.

O tún ní Shoprite pa ọjà wa? Lọ sí ọjà Bódìjà láàárọ̀ Sátidé, kí o wo bí wọ́n ṣe ń fi kóńgò wọn ẹ̀wà. Èmi o, afẹ́fẹ́ tútù ni mo máa ń lọ gbà ní Shoprite nígbà tó ṣì wà ní Ring Road.