Tíì, àkọsílẹ̀ ìpàdé, àti ìgbéga tí kò dé

Àbúrò mi, o ní ní ọ́fíìsì yín ní Alágbàká, l'Àkúrẹ́ níbí, ìwọ nìkan ni wọ́n ń ní kó po tíì, kó sì kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, nígbà tí ìgbéga wá dé, ọ̀gá ní, "Ìwọ tó o máa tó lọ sílé ọkọ?" Má bá a fa ọ̀rọ̀ ẹnu. Tó bá dọ̀la, "àwàdà ni mò ń ṣe" lo máa gbọ́.

Ra ìwé tí wọ́n rán lẹ́yìn, tí ojú ewé rẹ̀ kò ṣeé yọ. Lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀ gan-an ni kó o kọ ọ́: déètì, aago, àwọn tó wà níbẹ̀, àti ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jáde lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́. "Ó bú mi" kò tó. Ọ̀pọ̀ máa ń jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan kọ ti oṣù mẹ́ta pa pọ̀, bírò kan náà. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò á mọ̀. Má tọ́jú ẹ̀rí sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì o. Ẹ̀kọ́ tó ná mi lówó nìyẹn.

Ti tíì kéré. Ti àkọsílẹ̀ ló burú, torí ẹni tó ń kọ̀wé kì í ráyè sọ̀rọ̀, ẹni tí kò sì sọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ní kò mú àbá wá. Má kọ̀ jálẹ̀. Tò orúkọ gbogbo yín sílẹ̀, kí tìrẹ wà níbẹ̀, kó máa yí láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀.

Fún ìgbéga, kọ lẹ́tà ojú ewé kan: kí ni wọ́n fi yan ẹni tí wọ́n yàn, níbo ni tìrẹ kù sí? Má dárúkọ obìnrin tàbí ọkùnrin níbẹ̀ rárá. Jẹ́ kí ìdáhùn wọn sọ ọ́. Gba ẹ̀dà tí wọ́n buwọ́ lù. Tí kúẹ́rì, ìwé tí wọ́n fi ń ní kó o wá ṣàlàyé ara rẹ, bá tẹ̀ lé e, fèsì kí àkókò tó pé. Má fi ìbínú kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, òun ni wọ́n ń retí.

Tí oyún bá dé, Òfin Iṣẹ́ (Labour Act), abala 54, fún ọ ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ, pẹ̀lú ìwé dókítà, àti 6 lẹ́yìn rẹ̀. Tó o bá ti lo oṣù 6 níbẹ̀, owó tí wọ́n máa san fún ọ nígbà náà kò gbọ́dọ̀ kéré sí ìdajì owó oṣù rẹ. Tó o bá padà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni tìrẹ láti fún ọmọ lọ́mú.

National Industrial Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́ níbí, wọ́n sì ń gbọ́ ẹjọ́ ìyàsọ́tọ̀ níbi iṣẹ́. Lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ ni lọ́yà máa kọ́kọ́ béèrè. Tí wọn ò bá fún ọ rí, bẹ̀rẹ̀ sí í kó álẹ́ẹ̀tì owó oṣù rẹ jọ lónìí.